Ìfun Bàbá Dí Nítorí Jẹjẹrẹ: Iṣẹ́ Abẹ Wo Ló Wà, Èwo Ni Ká Gbà?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹni ọdún 63 ni Bàbá mi. Láti àná ni wọ́n ti wà ní ilé ìwòsàn kan ní Abẹ́òkúta. Ó ti pé ọjọ́ márùn-ún tí wọn ò ti yàgbẹ́, wọn ò sì só. Inú wọn wú, ó le bí awọ ìlù. Síkáànì fi hàn pé kókó kan ti dí ìfun ńlá wọn lápá òsì, dókítà sì ní ó jọ jẹjẹrẹ. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ lónìí tàbí lọ́la, wọ́n sì ní ó ṣeé ṣe kí Bàbá máa gba ikùn yàgbẹ́ sínú àpò. Manchester ni èmi wà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbí ní wọ́n lè fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní stent la ọ̀nà náà láìla inú. Àbúrò Bàbá ní ká má tíì fọwọ́ síwèé, ká kọ́kọ́ fún wọn ní àgbo tó lágbára. Iṣẹ́ abẹ wo ló wà fún irú èyí, èwo ni ká sì gbà?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ sì kú ìdààmú ọkàn. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ abẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àbúrò Bàbá nísinsìnyí, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n: kí ẹnikẹ́ni má fún Bàbá ní àgbo, kí wọ́n má fún wọn ní oògùn tó ń mú ni yàgbẹ́, kí wọ́n má sì fún omi ọṣẹ sí wọn nídìí. Kì í ṣe pé mo kórìíra àgbo. Ọ̀nà ló dí. Oògùn tó ń ṣí inú máa ń mú kí ìfun sún kì, kó máa ti ohun tó wà nínú rẹ̀ síwájú. Bí iwájú bá ti sé, ibo ni kó tì í sí? Ara ògiri ìfun ni agbára náà máa bọ́ sí, ògiri ọ̀hún sì ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti àwa Yorùbá nìkan. Ní ọdún 1776, ní ìlú Rouen nílẹ̀ Faransé, jẹjẹrẹ dí ìkángun ìfun oníṣòwò wáìnì kan, kò sì lè yàgbẹ́ mọ́. Wọ́n fún un ní mẹ́kúrì mu, wọ́n rò pé bó ṣe wúwo tó yẹn, á já ọ̀nà. Kò já a. Oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Pillore wá la ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ṣí ìfun síta, ìgbẹ́ jáde, ara sì tu ọkùnrin náà. Ó kú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, mẹ́kúrì tó jókòó sínú ìfun rẹ̀ ni wọ́n sì dá ikú náà lẹ́bi, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Ihò tí Pillore lu yẹn ni ìyá àpò ìgbẹ́ tí gbogbo yín ń bẹ̀rù lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú Bàbá, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìpinnu ti ń wá. Ìfun ńlá gùn tó mítà kan àbọ̀. Ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ìfun kékeré ti já sínú rẹ̀. Ó gòkè lọ sí abẹ́ ẹ̀dọ̀, ó dábùú ikùn kọjá sí òsì, ó wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ihò ìdí. Lápá ọ̀tún, ìgbẹ́ ṣì dà bí ẹ̀kọ mímu, ìfun sì fẹ̀ níbẹ̀. Kó tó dé òsì, omi ti kúrò lára rẹ̀, ó ti le, ọ̀nà sì ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ apá òsì fi máa ń dí ọ̀nà ju ti ọ̀tún lọ. Nínú àwọn ìwádìí tó wà, láti nǹkan bí ènìyàn 8 títí dé bí 30 nínú 100 tó ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló jẹ́ pé ìfun tó dí ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Níbi tí ìfun kékeré ti wọ ìfun ńlá, ilẹ̀kùn kan wà tó ń jẹ́ kí nǹkan wọlé, tí kì í jẹ́ kó padà. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ilẹ̀kùn yẹn dúró gbọin. Bí jẹjẹrẹ bá wá dí iwájú, ìfun ńlá á di àpò tó sé lẹ́yìn, tó sé níwájú, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ àti omi ṣì ń wọ inú rẹ̀. Ẹ ti rí tíúbù kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fún ní afẹ́fẹ́ jù: ibi tó bá fẹ̀ jù lára rẹ̀ ló máa ń wú ṣáájú, ibẹ̀ náà ló sì ń bẹ́. Nínú ìfun ńlá, ibi tó fẹ̀ jù ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí ibẹ̀ bá ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 nínú síkáànì, oníṣẹ́ abẹ kì í lè sùn mọ́, pàápàá bí ibẹ̀ bá ń dun aláìsàn nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Bó bá bẹ́, ìgbẹ́ á dà sínú ikùn, ewu á sì di ìlọ́po ìlọ́po. Nítorí náà, "lónìí tàbí lọ́la" tí wọ́n sọ fún yín kì í ṣe ìkánjú. Ẹ má sì fi ọkàn balẹ̀ tìtorí pé Bàbá ò tíì bì. Bó bá jẹ́ ìfun ńlá ló dí, èébì máa ń pẹ́ kó tó dé.

Wọn ò ní gbé Bàbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní tààràtà. Wọ́n á kọ́kọ́ fa omi sí wọn lára, torí omi tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti lọ jókòó sínú ìfun. Wọ́n á ki rọ́bà kan gba imú dé inú ikùn láti fa omi tó kún ibẹ̀, wọ́n á ki òmíràn sínú àpò ìtọ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kíndìnrín ń ṣiṣẹ́, wọ́n á tún iyọ̀ ara ṣe, pàápàá potassium, wọ́n á fún wọn ní oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, wọ́n á sì wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Èyí lè gba wákàtí mélòó kan. Ẹni tó bá ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lè rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Rárá o, wákàtí wọ̀nyí ló ń mú kí akunilóorun lè gbé wọn sùn kó sì jí wọn.

Ó wá ku iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ di mú nìyí: ète méjì ni dókítà ní lọ́wọ́. Ìkíní ni kí inú Bàbá rọ̀ kí wọ́n má kú. Èkejì ni kí wọ́n gé jẹjẹrẹ náà kúrò bó ti yẹ ká gé jẹjẹrẹ, kó má fi gbòǹgbò sílẹ̀. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, a lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lára ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tí inú rẹ̀ ti ń ro, a ó ṣe ìkíní lóru yìí, a ó padà wá fún èkejì. Gbogbo orúkọ tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn, oríṣiríṣi ọ̀nà tí a ń gbà pín ète méjì yìí ni.

Ó jọ pé ohun tí dókítà yín ní lọ́kàn ni iṣẹ́ abẹ Hartmann. Henri Hartmann, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ fáyé ní 1921. Wọ́n á la ikùn, wọ́n á gé apá ìfun tí jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá tó gbé iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìkángun ìsàlẹ̀, wọ́n á rán an pa, wọ́n á fi sílẹ̀ nínú. Ìkángun òkè ni wọ́n á mú gba ihò kékeré kan jáde lára ikùn lápá òsì, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ á máa gbà sínú àpò.

Àwọn ẹbí máa ń bi mí pé, "Dókítà, ẹ ti gé e, kí ló dé tí ẹ ò kúkú so méjèèjì pọ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Ìfun tó ti wú fún ọjọ́ márùn-ún dà bí aṣọ tó ti gbó: ẹ lè rán an, ṣùgbọ́n okùn lè ya ara rẹ̀. Ó kún fún ìgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ara rẹ̀ dáadáa, oúnjẹ ò sì sí lára aláìsàn láti fi jinná. Bí ojú ìsopọ̀ bá jò ní ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkeje, ìgbẹ́ á dà sínú ikùn, ẹni tó ti ń sàn á tún padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, àwọn kan kì í sì í kúrò níbẹ̀ láàyè. Hartmann kò ní ojú ìsopọ̀ kankan nínú tó lè jò. Ìdí nìyẹn tí a kò fi jọ̀wọ́ rẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ nílò iṣẹ́ abẹ kejì láti dá ìfun padà sínú, èyí náà kò sì rọrùn. Mi ò ní tàn yín: ọ̀pọ̀ ènìyàn, tó sún mọ́ ìdajì nínú àwọn ìwádìí kan, ni kò padà wá ṣe é, yálà nítorí ọjọ́ orí, nítorí jẹjẹrẹ tó tún yọjú, nítorí owó, tàbí nítorí pé wọ́n ti mọ àpò náà lò, wọn ò sì fẹ́ ọ̀bẹ mọ́. Kí Bàbá mọ èyí kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gé e kí wọ́n sì so ó lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n lè fi omi fọ ìfun láti òkè wá sísàlẹ̀ lórí tábìlì, tàbí kí wọ́n kàn fi ọwọ́ fún ìgbẹ́ rẹ̀ dà nù kí wọ́n tó rán an. Ó dára fún ẹni tí ara rẹ̀ gbé, tí ìfun rẹ̀ kò tíì bẹ́, tó sì bọ́ sọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ tó mọ ìfun ńlá dunjú. Bàbá lè bọ́ sínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹni ọdún 63 kì í ṣe arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ kí dókítà so ìfun, kó tún fa ìfun kékeré jáde fún ìgbà díẹ̀ kí ìgbẹ́ má báa kọjá lórí ojú ìsopọ̀ títí yóò fi jinná. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ pé àwọn so ó, tí ẹ sì tún rí àpò, kì í ṣe pé wọ́n purọ́.

Nígbà mìíràn, tí a bá la ikùn, a ó rí i pé apá ọ̀tún tó wú jù ti ń ya, tàbí pé jẹjẹrẹ kejì wà níbòmíràn. Nígbà náà, ó lè di dandan kí a gé èyí tó pọ̀ jù nínú ìfun ńlá, ká so ìfun kékeré mọ́ ìkángun ìsàlẹ̀. Ó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ìfun ńlá ló ń fa omi kúrò lára ìgbẹ́, ẹni tí kò bá sì ní in mọ́ á máa lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ léraléra. Ìwádìí kan tó jáde ní 1995, SCOTIA ni orúkọ rẹ̀, fi ọ̀nà yìí wé fífọ ìfun lórí tábìlì kí a tó so ó, lára aláìsàn 91. Ewu méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gé púpọ̀ lára wọn ló ń yàgbẹ́ lemọ́lemọ́. Èmi kì í ṣe é àfi tí ìfun fúnra rẹ̀ bá fipá mú mi.

Bí ara aláìsàn kò bá gbé nǹkan kan rárá, dókítà lè má fọwọ́ kan jẹjẹrẹ náà lóru yẹn. Á kàn fa ìfun tó wà lókè rẹ̀ síta, á ṣí i, inú á rọ̀, aláìsàn á jẹun, á lókun, a ó sì padà wá gé jẹjẹrẹ náà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti ọwọ́ tó péye. Kí ẹ má rò pé iṣẹ́ ìlàjì ni. Bí ó bá jẹ́ pé dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ yìí kì í ṣe ẹni tó ń gé jẹjẹrẹ ìfun lójoojúmọ́, inú mi á dùn sí i ju kó gé e ní gbàǹgẹrẹ̀ lọ.

Ní ti stent tí ọ̀rẹ́ yín sọ, òótọ́ ni, ó wà. Ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi okùn irin hun bí àwọ̀n ni. Wọ́n á ká a mọ́ra, wọ́n á fi awò tó ń gba ihò ìdí wọlé gbé e dé àárín jẹjẹrẹ náà, wọ́n á tú u sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sì máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀nà á fi là. Bó bá bọ́ sí i, inú á rọ̀ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, aláìsàn á sinmi, wọ́n á sì ṣe iṣẹ́ abẹ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà nígbà tí ìfun ti balẹ̀. Àwọn tó bá gba ọ̀nà yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò àpò bíi ti àwọn tí wọ́n là lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ níbi tó bá ti yẹ.

Ṣùgbọ́n irin náà lè gún ìfun lu, tó bá sì lu, jẹjẹrẹ tó ṣeé gé tán lè fọ́n ká inú ikùn. Ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n dá ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2011 dúró kó tó parí, torí wọ́n rí i pé ìṣòro ń pọ̀ lára àwọn tí wọ́n fi stent sí. Ní 2014, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awò inú nílẹ̀ Yúróòpù sọ pé kí a má sọ ọ́ di àṣà fún ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ṣì ṣeé wò sàn. Ní 2020, wọ́n dẹ ọwọ́, wọ́n ní a lè gbé e síwájú aláìsàn kí dókítà àti òun jọ pinnu, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó máa fi sí i bá ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. A kì í fi sí ẹni tí ìfun rẹ̀ ti bẹ́ tàbí tó fẹ́ bẹ́, a kì í sì í fi sí ibi tó sún mọ́ ihò ìdí jù, torí á máa ro aláìsàn bíi pé ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà.

Àwọn tó wà ní Manchester lè rí ẹni tó máa fi sí i lọ́gànjọ́ òru. Ní ilé wa níbí, ilé ìwòsàn tó ní awò, irin, X-ray àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò, kí gbogbo wọn pé lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kò pọ̀, àpò ara ẹni lẹ ó sì ti san owó irin náà. Ẹ bi dókítà yín bóyá ó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ má gbé Bàbá sórí ọ̀nà Èkó tàbí Ìbàdàn láti lọ wá a kiri pẹ̀lú ìfun tó ti wú fún ọjọ́ márùn-ún. Mo ti gba aláìsàn tí wọ́n gbé yí ilé ìwòsàn mẹ́ta po kí wọ́n má baà lo àpò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìfun rẹ̀ ti bẹ́ lọ́nà, àpò náà ni a sì padà fi sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí ẹ̀mí rẹ̀ gbà. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ṣì ń dùn mí.

Fún àwọn míì tó ń ka èyí, tí ìtàn tiwọn yàtọ̀: bí ó bá jẹ́ apá ọ̀tún ni jẹjẹrẹ náà wà, ọ̀rọ̀ rọrùn díẹ̀. A ó gé apá ọ̀tún, a ó so ìfun kékeré mọ́ èyí tó kù, torí ẹ̀jẹ̀ ń dé ara ìfun kékeré dáadáa, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà jò. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá, ní ìkángun tó kù díẹ̀ sí ihò ìdí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré gé e lóru. Kí wọ́n fa ìfun òkè síta, kí inú rọ̀, kí wọ́n wá fi ìtànṣán àti kẹmó, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, sọ kókó náà di kékeré kí wọ́n tó gé e. Bí jẹjẹrẹ bá sì ti tàn ká ẹ̀dọ̀ àti ikùn débi pé kò ṣeé gé tán mọ́, ète ìkíní nìkan ló kù: kí inú rọ̀, kí ẹni náà lè jẹun, kó lè bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ gan-an ni stent ti wúlò jù lójú tèmi, tàbí kí a fa ìfun síta, tàbí kí a so ìfun tó wà lẹ́yìn ibi tó dí mọ́ èyí tó wà níwájú rẹ̀. Kí dókítà tó fi stent sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà bí aláìsàn bá ń lo oògùn jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní bevacizumab, torí oògùn náà ń mú kí ìfun tètè lu.

Ẹ bi mí léèrè èwo ni kí ẹ gbà. Mi ò rí síkáànì Bàbá, mi ò sì fọwọ́ kan ikùn wọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bàbá tèmi ni, tí stent kò sí nítòsí, màá fọwọ́ síwèé lálẹ́ yìí, màá sì sọ fún oníṣẹ́ abẹ pé: bí ẹ bá la inú, tí ẹ rí i pé ó ṣeé so, ẹ so ó, bí ọkàn yín bá ṣiyèméjì díẹ̀, ẹ fa ìfun síta. Ẹni tó ń wo ìfun náà lójú ló mọ̀.

Kí n wá dé ibi àpò yìí, torí mo mọ̀ pé òun gan-an ló ń dá ẹbí yín dúró. Ẹnu ìfun tó yọ sí ikùn máa ń pupa bí inú ètè, ó máa ń lómi lára, kì í sì í dun ènìyàn tí a bá fọwọ́ kàn án. Àpò náà ń lẹ̀ mọ́ ara yíká rẹ̀. Bó bá lẹ̀ dáadáa, kì í rùn. Ẹni tó bá jókòó ti Bàbá nínú ọkọ̀ ò ní mọ̀. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ agbádá, wọ́n á lọ sóko bí ara bá ti le. Wọ́n á jẹ àmàlà. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kò ní lé wọn. Bí Bàbá bá ń kírun, kí wọ́n bi àáfà wọn bí wọ́n á ṣe máa ṣe àlùwàlá. Ẹ sọ fún dókítà kó fi lẹ́ẹ̀dì sàmì ibi tí ẹnu ìfun máa wà nígbà tí Bàbá ṣì lè jókòó tí wọ́n sì lè dìde dúró, kó má baà bọ́ sí abẹ́ ìgbànú tàbí sáàárín ìṣẹ́po ikùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, ó sì ń yọ ni nínú wàhálà ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìṣòro tòótọ́ tó wà níbí ni owó àti ọjà. Àpò gidi wọ́n, kì í sì í fìgbà gbogbo sí. Mo ti rí àwọn tó ń fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń ra búrẹ́dì so mọ́ ikùn, tí ara wọn bó. Ẹ̀yin tó wà ní Manchester lè ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nílé ò lè ṣe: ẹ ra àpò ránṣẹ́, ẹ wádìí ìwọ̀n ẹnu ìfun náà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì fi àtè àti páúdà ara kún un. Bí àpò bá ń ṣí lemọ́lemọ́, ihò tí wọ́n gé sí i ló sábà máa ń tóbi jù, ìgbẹ́ á sì máa jẹ ara tó yọ síta láàárín.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ dojú kọ, tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í kà sí. Ìfun tí wọ́n bá gé kúrò lára Bàbá gbọ́dọ̀ dé yàrá àyẹ̀wò. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ẹbí ni wọ́n máa gbé e lé lọ́wọ́ nínú ike pé kó lọ fi sílẹ̀, kó sì sanwó. Mo ti rí i tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ rí i pé inú formalin, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, ni wọ́n gbé e sí, kì í ṣe omi lásán, kí ike náà sì tóbi. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á wo bí jẹjẹrẹ náà ṣe wọlé tó, wọ́n á sì ka àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó wà nínú ọ̀rá ìfun, èyí tí àwa ń pè ní lymph node. 12 ó kéré tán la fẹ́ kí wọ́n rí. Bí jẹjẹrẹ bá ti dé inú wọn, Bàbá nílò kẹmó. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, tó jẹ́ pé ògiri ìfun nìkan ló lù, pé ó dí ọ̀nà jẹ́ àmì pé ó lágbára, dókítà kẹmó sì tún lè gbà wọ́n nímọ̀ràn láti gbà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ la fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Èsì tó bá pẹ́ oṣù mẹ́ta ti ṣí ilẹ̀kùn fún jẹjẹrẹ.

Kí wọ́n tún fi awò wo ìyókù ìfun ńlá náà láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, torí kò sí ẹni tó rí ẹ̀yìn ibi tó dí. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún nínú yín, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ìfun. Ẹ sọ fún GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, pé bàbá yín ní i. Bí ẹ bá dúró de ike àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, máa ń fi ránṣẹ́, láti orí ẹni ọdún 50 ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mo tún fẹ́ bi yín: ta ló ti bá Bàbá fúnra wọn sọ̀rọ̀? Nínú gbogbo lẹ́tà yín, ẹ sọ ohun tí dókítà wí, ohun tí ọ̀rẹ́ yín wí, ohun tí àbúrò Bàbá wí. Ara Bàbá ni. Bí orí wọn bá ṣì pé, àwọn ló yẹ kí wọ́n fọwọ́ síwèé. Ẹ ní kí wọ́n gbé fóònù sí wọn létí, kí ẹ fi ohùn yín sọ fún wọn pé ọ̀nà ló dí, pé wọ́n máa là á, pé wọ́n lè jí rí àpò lára ikùn wọn, àti pé ẹ̀yin lẹ máa máa rà á ránṣẹ́. Mo ti rí bàbá tó kọ̀ fún gbogbo ẹbí, tó gbà lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí wọ́n bá ti parí rẹ̀, ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: ibi tí kókó náà wà, ibi tí wọ́n gé dé, bóyá wọ́n so ó, bóyá ìfun ti bẹ́, àti bí ẹ̀dọ̀ ṣe rí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú èsì yàrá àyẹ̀wò nígbà tó bá dé, kí n lè dá yín lóhùn nípa kẹmó.